Ìjókòó Rájí

Ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òkè Fíà, ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń mú ẹ̀dùn ọkàn wọn wá, akọ̀wé mélòó kan ló wà tó ń gba ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni èrò máa ń tò sí. Mùyídéènì Rájí ni ẹni náà. Ẹni tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ kò yọ mọ́, ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ẹni tí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ há sí ibi tí kò mọ̀, gbogbo wọn á wo àwọn akọ̀wé yòókù láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Rájí là ń dúró dè."

Kí ni Rájí ń ṣe tí àwọn yòókù kì í ṣe? Kò kúkú lágbára láti mú omi yọ. Ìjókòó rẹ̀ ni. Bí èèyàn bá ti jókòó síwájú rẹ̀, á ti gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹ̀ síwájú títí àyà rẹ̀ á fi kan tábìlì, á yí orí sí ọ̀tún díẹ̀, á fọwọ́ ti àgbọ̀n, á wá tẹjú mọ́ ẹnu onítọ̀hún bí ọmọ tó ń wo ìyá rẹ̀ nígbà tó ń pín ẹran. Kì í já lu ọ̀rọ̀. Kì í wo fóònù. Bí ẹni náà bá parí, Rájí á ní, "Tí mo bá gbọ́ yín dáadáa, ẹ ní..." á sì tún ọ̀rọ̀ náà tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣì í, wọ́n á tún un ṣe fún un, inú wọn á sì máa dùn bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní kéú. Obìnrin kan wá fi ẹjọ́ ewúrẹ́ tó sọnù sùn, ẹkún ló sun kúrò níbẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ewúrẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, kò sí ọkùnrin kankan tó tíì fara balẹ̀ wo ẹnu òun báyẹn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, tó jẹ́ pé Yéjídé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ni pé etí ọ̀tún Rájí ti di. Ó ti pẹ́ tó ti ń di. Bó bá ti ń yún un, á fi ìyẹ́ adìẹ wa inú rẹ̀. Bí kò bá rí ìyẹ́, á fi ìdérí báírò. Bó ti ń wà á ni ohun tó wà níbẹ̀ ń wọlé sí i, títí etí náà fi dákẹ́ pátápátá. Kò jẹ́ sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ó gbà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé akọ̀wé tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò gbọ́ràn, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Etí òsì nìkan ló wá kù fún un, òun náà kò sì lè bá ariwo Òkè Fíà jà, níbi tí àwọn onímọ́tò ti ń pe èrò Iléṣà lábẹ́ fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ síwájú. Ìdí nìyẹn tó fi ń wo ẹnu. Ó sì ń tún ọ̀rọ̀ sọ kó lè mọ̀ bóyá omi ni wọ́n pè tàbí ọmọ.

Nílé, tí kò ti sí ẹni tó ń fojú ọ̀gá wò ó, kì í ṣe wàhálà títẹ̀ síwájú.

Yéjídé á ké láti inú kíṣìnnì: "Baba Rùkáyà, iyọ̀ ti tán nílé o!"

"Ta ló yọ̀ nílé?"

"Mo ní iyọ̀!"

"Ṣé kò ṣèṣe?"

Yéjídé á jókòó, á fọwọ́ lẹ́rán. Ọmọ Iléṣà ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ní ọ́fíìsì, wọ́n ń pè yín ní ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́. Èmi tí ẹ fẹ́ sílé, ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ ì bá wà bẹ́ẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe ti ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Julianah Bọ̀wálé. Opó ni obìnrin yìí, ọdún díẹ̀ ló kù fún un láti fẹ̀yìntì, ó sì fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n á máa rántí òun fún. Ìjọba rán an lọ sí Ìbàdàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó dé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

Ó ní, "Wọ́n kọ́ wa pé kì í ṣe ẹnu nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ara náà ń sọ̀rọ̀. Ojú ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ń sọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe fi ìdí jókòó gan-an ń sọ̀rọ̀. Mo jókòó sí Ìbàdàn lọ́hùn-ún, mo ń rò ó pé, àwọn wọ̀nyí ń gbowó lọ́wọ́ ìjọba lásán ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wa, Rájí ti ń ṣe é ní Òkè Fíà. Láti òní lọ, bí Rájí ṣe ń jókòó ni kí gbogbo yín máa jókòó."

Kifayat, akọ̀wé tó kéré jù nínú wọn, ló sọ ọ́ lórúkọ: ìjókòó Rájí. Ó le, ó rọ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó Rájí. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ ti àgbọ̀n, wọ́n yí orí sí ọ̀tún. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń rùn fún róòbù. Ọrùn ń ro wọ́n. Akọ̀wé àgbà kan kò lè wo òsì mọ́. Bí ẹnì kan bá kí i láti apá ibẹ̀, odindi ara rẹ̀ ló ń yí bíi mọ́tò tó ń wá ibi tó máa dúró sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Kifayat tọ Rájí lọ, ó ń fọwọ́ ra ọrùn.

"Bàbá Rájí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀tún nìkan la máa ń yí orí sí? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí a bá yí i sí òsì?"

Onímọ́tò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fun fèrè lábẹ́ fèrèsé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìparí rẹ̀ nìkan ló wọ Rájí létí, èyí tó sì wọlé náà kò wọlé dáadáa. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Òṣì kò ní bá wa, Kifayat. Lágbára Ọlọ́run. Ṣe àmín."

"Àmín, sà," ni Kifayat wí. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún àwọn yòókù pé ẹni tó bá yí orí sí òsì níbi iṣẹ́, òṣì ló ń pè. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dán an wò.

Láìpẹ́, Màdáámù Bọ̀wálé gba àṣẹ láti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Iléṣà. Rájí ló máa kọ́ wọn. Kì í ṣe pé á kàn dúró máa ròyìn o. Wọ́n á mú ẹnì kan tó ní ẹ̀dùn ọkàn wá sójú agbo, Rájí á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì máa wò ó. Wọ́n yan ìyá àgbà kan láti Iperindo, Màmá Susannah, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ àwọn tó ń wa góòlù lábúlé náà.

Nígbà tí Yéjídé gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "Iléṣà? Ó dáa. Ọ̀dọ̀ ìyá mi la máa sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ilé ìwòsàn lẹ máa kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń pè yín ní olùkọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ dójú tì mí ní ìlú bàbá mi."

Rájí kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ.

Ní ilé ìwòsàn náà, dókítà tan iná sí etí ọ̀tún, ó sì súfèé. Ó kán òróró sí i, wọ́n ní kó dúró, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì gbé abọ́ sábẹ́ etí, ó ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan já bọ́ sínú abọ́. Ó dúdú, ó le, ó tó èkùrọ́. Ìyẹ́ adìẹ wà lára rẹ̀, àfọ́ ìdérí báírò aláwọ̀ búlúù sì wà nínú rẹ̀.

"Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí, "ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ni?"

Rájí gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó gbọ́ bí bàtà nọ́ọ̀sì ṣe ń wọ́ nílẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta ní òdìkejì títì, ó gbọ́ ọkùnrin kan tó ń họ irùngbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti ń gbọ́ mi?" ni Yéjídé bi í.

Rájí fò sókè. "Yéjídé! Ṣé bó o ṣe máa ń pariwo nìyí?"

"Ta ló sọ mí di aláriwo?"

Ìdùnnú Rájí kò ṣeé fẹnu sọ. Bó ti ń lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dúró dè é, ńṣe ló ń fẹ̀yìn ti àga mọ́tò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Kò tún sí pé ó ń nàgà mọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń wá bá a níbi tó wà.

Gbọ̀ngàn ti kún. Kifayat ti kọ́ gbogbo wọn kó tó dé, nítorí náà nígbà tó wọlé, odindi yàrá èèyàn ló yí orí sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, tọwọ́ tọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n. Màdáámù Bọ̀wálé ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú. Wọ́n mú Màmá Susannah jáde. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ró aṣọ tó mọ́ tónítóní. Ó jókòó, ó kí ilé, ó kí àlejò, ó wá kọjú sí Rájí.

Rájí fẹ̀yìn ti àga. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó káwọ́ lé ikùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́," ni Màmá Susannah bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ni mo bá wá. Nítòsí oko kòkó mi..."

"Mo ti gbọ́, Màmá. Àwọn tó ń wa góòlù ti ba oko yín jẹ́."

"Wọ́n gbẹ́ ihò síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́..."

"Ihò! Ẹ fẹ́ kí ìjọba dí i."

"Ẹ jẹ́ kí n..."

"Ẹ má fòyà rárá. Wọ́n á rán èèyàn wá." Fóònù ẹnì kan dún ní igun gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, Rájí sì yíjú síbẹ̀ kíá, nítorí pé inú rẹ̀ dùn pé òun gbọ́ ọ. "Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ nípa ọbẹ̀ tí wọ́n sè fún wa!"

Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn èèyàn lójú. Wọ́n wo Kifayat. Kifayat ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dà bíi pé apá kejì nìyí." Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá fẹ̀yìn ti àga, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n káwọ́ lé ikùn. Ara ọ̀pọ̀ wọn tu. Màdáámù Bọ̀wálé nìkan ló fa ojú ro.

Màmá Susannah wo Rájí, ó wo gbọ̀ngàn, ó wá dìde. Ó ká aṣọ rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó rìn yí tábìlì ká, ó sì lóṣòó síwájú Rájí gan-an.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo lóṣòó ni."

"Àga wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mi ò dìde. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Aṣọ ni bàbá mi ń tà kiri nígbà ayé rẹ̀, ó sì ń tà á ní àwìn. Tó bá dé ilé oníbàárà tó ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, kì í bá a jà. Á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Èmi ò wá gba owó. Ọ̀rọ̀ mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà. Òṣó ni mo máa ló títí ẹ ó fi gbọ́ ọ."

"Òṣómàáló!" ni gbogbo gbọ̀ngàn ké, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú ti Rájí. Ta ni ọmọ Yorùbá tó máa jókòó gbẹrẹgẹdẹ lórí àga kí ẹni tó tó ìyá rẹ̀ lóṣòó síwájú rẹ̀? Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, òun náà lóṣòó. Orúnkún rẹ̀ ró, ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé tí òun bá fẹ̀yìn díẹ̀ báyìí, òun á ṣubú. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó tẹ̀ síwájú. Ìrora itan kò sì jẹ́ kó lè já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Màmá Susannah kò kánjú ní tirẹ̀. Òṣó kì í rẹ àgbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣa kòkó. Ó ṣàlàyé pé ọkọ òun tó ti dolóògbé ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Ó ní àwọn tó ń gbẹ́ ẹ kì í ṣe àjèjì, ọmọ àbúrò ọkọ òun ni wọ́n. Wọ́n rí góòlù díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí òun mú ṣọ́bìrì lọ bá wọn, wọ́n ní obìnrin kì í wa góòlù, kí òun lọ gúnyán fún wọn.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dí ihò?" ni ìyá náà bi í. "Ihò yẹn dára! Èmi náà fẹ́ wa góòlù. Ilẹ̀ mi ni."

Òógùn ń ṣàn lójú Rájí. Ó mí kanlẹ̀.

"Tí mo bá gbọ́ yín dáadáa, Màmá, ẹ ò fẹ́ kí ìjọba dí ihò náà."

"Rárá o."

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n fún yín ní ṣọ́bìrì."

"Mo ní ṣọ́bìrì. Ìwé àṣẹ ni mi ò ní. Ẹ tún un sọ."

"Ẹ ní ṣọ́bìrì. Ìwé àṣẹ lẹ̀ ń fẹ́, kí ẹ lè wa góòlù lórí ilẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kẹ́ ẹ lọ gúnyán."

"Ó dáa," ni Màmá Susannah wí. "Ẹ fà mí dìde."

Ta ni kó fa ta ni dìde? Ìyá náà ló padà fa Rájí. Àtẹ́wọ́ sọ. Ni gbogbo wọn bá tún tẹ̀ síwájú, wọ́n yí ọrùn sí ọ̀tún. Yéjídé, tó bá ọkọ rẹ̀ wá, tó sì jókòó sẹ́yìn, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ yéé yí ọrùn yín! Etí rẹ̀ ló di! Àárọ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́!"

Kifayat dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n. "Òṣì wá ńkọ́?"

Títí di òní, ìwé àṣẹ Màmá Susannah ṣì ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí èkejì, Rájí sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ti yọ̀ǹda apá kan nínú ilẹ̀ náà fún un. Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣe ní Iléṣà, kò sì sí èyí tó fẹ́ jí láàárọ̀ kó rí i tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, Yéjídé dúró sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Rájí sì bá ọ̀gá rẹ̀ padà sí Òṣogbo nínú mọ́tò ọ́fíìsì. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìbòkun, Màdáámù Bọ̀wálé yíjú sí i.

"Rájí, etí wo gan-an ló di?"

"Ọ̀tún ni, mà."

Obìnrin náà wo ibi tí òun jókòó sí. Apá ọ̀tún Rájí ni. "Ibi tí mo máa ń jókòó sí nìyí tí a bá jọ rìnrìn àjò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ lọ́nà Ẹdẹ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Ògúnjìnmí?"

"Ta ní ń jẹ́ Ògúnjìnmí, mà?"

Ikọ́ gbé dírẹ́bà.

"Rájí! Ọkùnrin tó ti iṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìntì, tó ní kí n fẹ́ òun. Mo rojọ́ náà fún ọ láti Òṣogbo títí dé Ẹdẹ. Mo bi ọ́ pé ṣé kí n gbà fún un. O ò sọ nǹkan kan. O kàn mi orí sókè sódò, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ní, ọlọ́gbọ́n èèyàn nìyí, kò fẹ́ sọ̀rọ̀ jù. Ni mo bá lọ gbà fún un. A ti mú ọjọ́!"

Rájí kàn gbé ọwọ́ lérí. "Mà, ẹ forí jì mí. Kòtò ọ̀nà Ẹdẹ ló mi orí mi."

Màdáámù Bọ̀wálé wò ó. Ejìká rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀, tó sì ń fi etí gèlè náà nu ojú. Nígbà tó sinmi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

Rájí yí ara rẹ̀ sí i. "Ẹ tún un sọ fún mi, mà. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó tún un sọ. Ó sọ bí wọ́n ṣe pàdé níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ kan, ó sọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wí, ó sọ ẹ̀rù tó ń bà á láti tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irun ti funfun. Rájí kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mọ́tò bá ti fẹ́ kó sí kòtò, á yára fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Irú èèyàn wo ni wọ́n, mà?"

Màdáámù ronú. "Ó máa ń gbàgbé ibi tó gbé awò ojú rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ọmọ mi, ó sì mọ èyí tí kì í jẹ ẹ̀wà nínú wọn."

"Ẹ fẹ́ wọn, mà," ni Rájí wí, ẹnu ló sì fi sọ ọ́.

Dírẹ́bà tún wúkọ́. "Mà, ẹ má bínú o. Èmi náà fara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ ọ̀nà Ẹdẹ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò kàn sí ẹni tó bi mí ni."